Tíṣà Tó Pìtàn Wíńdò

A bí Màmá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Tíṣà Wíńdò, ní ọdún 1944. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ sì ni ìyá wọn. Màmá ni àbígbẹ̀yìn, àmọ́ ẹnu wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1965, wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ràn láti máa wá orísun ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ kan kì í kọjá níwájú wọn kí wọ́n má bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ní ọdún 1968, ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ọmọ ń wo ìta jù, ó sì ní kí kápẹ́ńtà fi pákó dí gbogbo fèrèsé. Ooru mú, ọmọbìnrin kan sì dákú. Bí ó ṣe jí, Màmá gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Wọ́n mọ̀ pé àwọn lè pàdánù iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n pìtàn wíńdò fún yín. Àwọn atukọ̀ láti àríwá ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. 'Afẹ́fẹ́' àti 'ojú' ni wọ́n so pọ̀: ojú afẹ́fẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ àlejò lé onílé jáde."

"Kí wá ló kàn mí níbẹ̀?"

"Ẹ ti fọ́ ilé ìwé yín lójú ni, sà. Àwọn ọmọ ò sì rí èémí mí."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹnu yín mú ju ayùn lọ! Ẹ bá mi pe kápẹ́ńtà padà."

Kápẹ́ńtà yọ pákó, ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn ọmọ, ó wá bi Màmá pé, "Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ta ni bàbá ẹ̀?" Ó padà wá lọ́jọ́ kejì láti béèrè ti àga. Kò dẹ́kun ìbéèrè títí òun àti Màmá fi ṣègbéyàwó ní ọdún 1970.

Láti ọdún 1973 ni Màmá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé ìjọsìn wa. A ò ní parọ́ nítorí òkú: ohùn wọn àti dùrù kì í ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá dágbére fáyé ní ọdún 2022. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ìyẹn dókítà eléyín, awakọ̀ ojú irin àti olùkọ́, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Bàbá wa ní ká kọ ọ́ síbí pé àwọn ò borí Màmá nínú àríyànjiyàn rí. Wọ́n ní ní báyìí tí kò sẹ́ni tó ń já àwọn níyàn mọ́, àwọn ti wá rí i pé kò sádùn kankan nínú ká borí.

Màmá, ẹ sùn un re. Kí ilẹ̀ fọwọ́ jẹ́jẹ́ gbà yín.