Fóònù Mọ́kànlélógójì Tó Lọ Wo Bọ́ọ̀lù

Àba Afọ̀n,
Ọ̀nà Ìsẹ̀,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kọkànlá.

Ọpẹ́olúwa ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo gbójúgbóyà láti kọ̀wé sí ọ fúnra mi. Mo mọ̀ pé ìwọ tó kàwé dé yunifásítì, tó ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, kò yẹ kí o máa fi ojú rẹ wá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń wí kiri inú bébà. Oṣù méjì péré ni mo tíì lò ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì, èmi náà ni mo sì ń pẹ́ jù kí n tó kọ ìlà kan tán. Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń bá mi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè pè sí ẹlòmíràn létí. Bí o bá rí ibi tí mo ti kọ ulé dípò ilé, má rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ti bá mi wí títí, ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú yín la òjò ọdún yìí kọjá yóò jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀rùn rẹ̀. Ẹ kò ní jáde pàdé ibi, ibi kò sì ní wọlé bá yín. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Òjò pọ̀ jù, ó sì sọ kòkó dúdú lórí igi. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Ìyá rẹ wà níwájú mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo ń ṣe, ó tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé kí wọ́n má pariwo, bàbá ń kàwé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí lórí fóònù, tí kò sì wọlé. Fóònù tí o rà fún mi kò bàjẹ́, kò sì sọnù. Adó ló wà. Ó ń dúró de ẹjọ́. Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ, jọ̀wọ́ kà á dé òpin kí o tó bínú.

O rántí Olúwaṣògo, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì, tí ẹ jọ wà ní kíláàsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìrẹ̀pọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí. Owó oṣù tí wọ́n ń san fún un nídìí iṣẹ́ náà ló fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́. Lóṣù tó kọjá, àwọn ìgbìmọ̀ líìgì wá láti Adó, wọ́n ní èrò tó ń wá wo Ìrẹ̀pọ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n ní bí èèyàn kò bá pé ọ̀ọ́dúnrún ní ìfigagbága tó kàn, Ìrẹ̀pọ̀ kò ní gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́, Adó ni wọn yóò máa lọ. Wọ́n sì tún sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì di ẹgbẹ̀rún kan náírà, èyí tó jẹ́ igba náírà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní orí fóònù nìkan ni a ti lè rà á.

Níwájú ilé tí a ń kó kòkó sí, níbi tí a ti ń dúró de òṣùwọ̀n, ni ọ̀rọ̀ náà ti di ariwo. Àlàbí tó ń lẹ taya ní oríta ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní ẹgbẹ̀rún kan kẹ̀, ṣé àwọn ọmọ náà yóò máa fò ni? Ó ní èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù sílé fún wa, ewúrẹ́ ló gbá a bà nígbà tí òun lọ kẹ́yìn, ewúrẹ́ náà sì sáré ju òun alára lọ, kí wọ́n kúkú fi ewúrẹ́ sínú ẹgbẹ́, òun yóò san ẹgbẹ̀rún méjì. Ọ̀gá Ajíbọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bi í pé èló ló ń san ní ilé ìwòran láti wo àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ bóyá ó jẹun tàbí kò jẹun. Àlàbí ní ṣebí àwọn yẹn ń gbá a sílé. Ọ̀gá ní ẹni tí ebi ń pa kì í gbá nǹkan sílé, pé tíkẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ àwọn ọmọ náà. Motọ́láyọ̀ tó ń wọn kòkó fún wa gbé ojú kúrò lára òṣùwọ̀n, ó ní kí Àlàbí dákẹ́, pé nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ igba náírà, orí àkàbà lẹ́yìn odi ló ti ń wò ó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Àlàbí. Ó ní ó dáa, òun yóò rà á, kí a wá wo ẹni tí yóò lọ jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí a fẹ́ fọ́ kòkó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ẹ̀rín mọ́ wa lẹ́nu, nítorí òótọ́ ni. A ti ká kòkó jọ, bí a kò bá fọ́ ọ lọ́jọ́ náà, inú èèpo ni yóò ti hù. Olúwaṣògo wá sí àba nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti ìkọ̀ọ̀kan wa, ó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, èèyàn mọ́kànlélógójì. Ó ń dúpẹ́ bí ẹni pé àwa la bí i. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì náà hàn mí nínú fóònù, àwòrán kékeré kan tó rí bí ilẹ̀ tí adìyẹ ti ta. Kò mọ̀ pé a kò ní lè lọ, àwa náà kò sì sọ fún un, ojú ń tì wá.

Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo dìde láàárín wọn. Ọmọ mi, èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo ní nígbà tí a bá ń ṣe ọ̀wẹ̀, ẹni tí kò bá lè wá, kì í ṣe ọkọ́ rẹ̀ ló máa ń fi rán ẹni? A sì máa ń ka ọkọ́ náà mọ́ àwọn tó wá. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé lágbájá kò wá sí ọ̀wẹ̀, ṣebí ọkọ́ rẹ̀ wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, bí a kò bá lè wá síbi ìkórè, a máa ń fi àpòòwé ránṣẹ́, wọn a pe orúkọ wa, ìjọ a sì ṣe àmín. Mo ní bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wà nínú fóònù, kí fóònù lọ. Wọ́n wo ara wọn. Àlàbí gan-an ní ọgbọ́n ilé-ìwé nìyẹn. Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí pé mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí mo bá ti jókòó sílé bí òpè tí mo jẹ́, ta ni ì bá fetí sí mi?

Èmi ni mo gé pílásítà, tí mo fi bírò kọ orúkọ oníkálukú sí i, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí mo kọ wúlò fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn gan-an, Ọlọ́run má jẹ́ kí irú inú dídùn bẹ́ẹ̀ tún bá mi. Motọ́láyọ̀, tí kò ní kòkó tí yóò fọ́, tó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ ewé kókò sínú agbọ̀n kí wọ́n má baà máa lu ara wọn, ó gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́.

Ó ní nígbà tí òun dé géètì, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ibẹ̀ wo agbọ̀n, ó wo òun, ó bi òun pé àwọn tó ni ín dà. Òun ní wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Èrò pọ̀, oòrùn mú, ẹni náà sì ń fi ẹ̀rọ wo fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń dún pé wọ́n ti wọlé. Motọ́láyọ̀ tò wọ́n sórí bẹ́ńṣì ní ìlà mẹ́rin, ó kọ ojú wọn sí pápá. Ó ní òun kò fẹ́ kí a sanwó kí a má ríran. Ó ní nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ kò tíì parí, fóònù Àlàbí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ẹ̀mí, ti ẹlòmíràn gbà á, ti ẹlòmíràn tún gbà á, títí rẹfirí fi dúró tó ń wá ẹni tó ń fọn fèrè.

Ibẹ̀ ni ojú ọ̀gá líìgì tó wá láti Adó ti bọ́ sí bẹ́ńṣì náà. Ó ka orí èèyàn. Ẹ̀rọ ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé méje ló wọlé, orí tí òun kà sì fi mọ́kànlélógójì dín. Ó ní jìbìtì ni, pé ayédèrú èèyàn ni ẹgbẹ́ fi kún èrò. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo oní-fóònù, wọn yóò wá rojọ́ ní Adó, wọn kò sì ní wọ pápá kankan mọ́. Ó mú èyí tó wà níwájú pátápátá, tèmi ni. Ó ka ohun tí mo kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ní ta ni Bàbá Ọpẹ́.

Olúwaṣògo ní òun ni. Ọmọ tí kò tíì gbéyàwó. Ó ní orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ òun ń pe òun nìyẹn. Ó ní òun ló yá gbogbo fóònù náà, pé àwọn àgbẹ̀ tó ni wọ́n kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Motọ́láyọ̀ ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Olúwaṣògo fi ojú bẹ òun pé kí òun dákẹ́.

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n dá fóònù yòókù padà, wọ́n sì gbé tèmi lọ sí Adó fún ẹ̀rí. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì dá a lẹ́bi, kò ní ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé, Ìrẹ̀pọ̀ yóò sì kó lọ sí Adó. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bi mí pé ṣé kòkó fọ́ dáadáa. Mo ní ó fọ́ dáadáa. Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún ìyá rẹ̀, ó sì gbé e sórí lọ.

Àwọn àgbà àba ti pàdé. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, pé ọmọ náà ti rù ú, kí a má tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ara wa. Ìyá rẹ ní òótọ́ ni wọ́n sọ, pé ọmọdé ni, yóò rí iṣẹ́ mìíràn, èmi ni n kò ní rí orúkọ mìíràn. N kò mọ̀ bóyá mo gọ̀. Títí di ìsinsìnyí, n kò tíì mọ ẹni tí a jà lólè. Bí mo bá sanwó àga, tí àga náà sì ṣófo, owó ta ni mo jẹ? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ń jẹ́ orúkọ mi níbi tí wọ́n ti ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀.

Mo bẹ Ọ̀gá Ajíbọ́lá ní ìkọ̀kọ̀, ó bá mi gba fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ àdúgbò mi, ó rọrùn. Ó ku ibì kan tí wọ́n ti bèèrè pé ǹjẹ́ o wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Mo wò ó láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ mú Olúwaṣògo ni mo tún pa. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ní báwo ni mo ṣe wá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo wá kọ ọ́ pé owó mi wà níbẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní àyè ibẹ̀ kò gba gbólóhùn, pé kí n mú ọ̀kan. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o fi owó ọkọ̀ Adó ránṣẹ́ sí mi, ti ẹni méjì, àlọ àti àbọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí Olúwaṣògo fi owó ara rẹ̀ lọ síbi ẹjọ́ tèmi. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi owó ìtanràn díẹ̀ kún un, n kò mọ iye tí wọn yóò bu fún mi. Inú àkáǹtì Motọ́láyọ̀ ni kí o fi sí, àmọ́ má fi í ránṣẹ́ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, wọ́n ní inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, n kò fẹ́ kí ó tutù kí ó tó dé. Dírẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí wá lè gbé èsì rẹ padà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò dá, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà tìrẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò jẹ́ orúkọ wọn, a kò ní fi orúkọ wọn pe ẹlòmíràn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, dárí jì mí.

Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀ ọ́, má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ rẹ. Má sì pe ìyá rẹ sórí fóònù aládùúgbò láti bi í. Bí àba bá gbọ́ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, wọn yóò wá jókòó yí mi ká, wọn yóò máa bẹ̀ mí, mo sì mọ ara mi, n óò gbà fún wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adétúnjí.