Orí Wáyà Táyé àti Kẹ́yìndé

                                        Garáàjì Ọ̀gá Súbérù,
                                        Ọ̀nà Àjàṣẹ́,
                                        Sakété.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Keje, 2024.

Bienvenu, ẹni tí a jọ jìyà lábẹ́ ọ̀gá kan,

Ṣé o wà? Laure ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àgbàdo oko rẹ ní Towé ti gbó? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé oko ò tíì ṣẹ́ ẹ? Níbí, ara le, a dúpẹ́. Latifath ìyàwó mi bí obìnrin lóṣù tó kọjá, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká sinmi. Ó yá, jókòó dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ á dùn mọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí rẹ̀ lè má dùn.

Ọ̀gá wa Súbérù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Màmá Eugénie tó ń kó gàrí lọ Àjàṣẹ́ gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ó sì ti ra àlòkù míì ní Kùtọnu. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ pé ojú ọ̀gá ti ṣú, pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. Inú bí i. Ó búra lójú gbogbo àwọn kẹ̀kẹ́nọ̀ tó ń dúró de èrò lórí alùpùpù wọn pé òun nìkan ni yóò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà, pé bí kò bá dún dáadáa kó tó di ọjọ́ ọjà, òun ò ní fọwọ́ kan irin iṣẹ́ mọ́ láyé. Gbọ́ mi o, láyé!

Ó pààrọ̀ rẹ̀ tán, ó ṣáná sí i. Háà! Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń tú èéfín dúdú. Ọ̀gá ní epo kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ló fà á, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Kò gbọ́. Ó pààrọ̀ búzì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣáná sí epo. Kò gbọ́. Ó tú ẹnu mẹ́rin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n padà. Ó tún wá burú sí i.

Èmi ti rí ohun tó ń ṣe é láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. O rántí òfin ọ̀gá? Nínú wáyà mẹ́rin tó ń lọ sórí àwọn ẹnu náà, méjì tó wà láàárín, tí orí wọn jọra, a ó kọ K sí ọ̀kan, T sí èkejì. Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ń lọ sórí ẹnu kejì, Táyé á lọ sórí ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó ń tú u. Nígbà tó ń dá a padà, ogbó dé, ó fi Táyé ṣíwájú. Ẹnu kejì wá ń fọ́n epo lásìkò ìkẹta, ìkẹta ń fọ́n lásìkò ìkejì.

Ṣé mo sọ? N ò sọ o. Odindi ọjọ́ mẹ́rin! Mo ń gbé irin fún un, mo tún ń dábàá fún un pé bóyá wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni kó wò. Ẹni àádọ́rin ọdún wọ abẹ́ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́nọ̀ ní kó se àgbo ibà fún ẹ́ńjìnnì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Aṣeni ló ń gbàgbé, ẹni a ṣe kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, tí Màmá Eugénie dé, mo ní kí gbogbo wọn súnmọ́ mi. Mo yọ orí wáyà méjèèjì, mo gbé wọn síbi tó yẹ wọ́n. Ẹ́ńjìnnì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo wá pariwo, mo ní, "Ọ̀gá, Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n!" Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sọ lọ́jọ́ tó gbá ọ létí lójú ìyá rẹ, tó lé ọ kúrò ní garáàjì, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta péré kí o gba òmìnira.

Ó wo T àti K náà pẹ́. Ó nu ọwọ́, ó kó gbogbo irin rẹ̀ fún mi, ó rìn lọ sílé. Kò tíì jáde láti ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ Màrúfátù ní kò jẹun. Nígbà tí mo lọ kí i lánàá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Ó ní àṣìṣe tí òun torí rẹ̀ ba ayé rẹ jẹ́ nìyí, òun náà sì ti ṣe é. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ kí o wá, kí òun bẹ̀ ọ́ kí òun tó kú.

Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ó ku tèmi.

Wọ́n ní bí a bá ń gbẹ́lẹ̀ ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Tèmi ti jìn, Bienvenu. Lọ́jọ́ tó lé ọ, o ò ṣàṣìṣe kankan. Òfin lo tẹ̀ lé nígbà tí o ń dá wáyà padà. Èmi ni mo tú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo kọ T síbi tó yẹ kí n kọ K. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ọ́ bó ṣe ń gbá ọ, mo panu mọ́, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló máa gba garáàjì lẹ́yìn rẹ̀, àwa méjì ò lè jókòó sórí àga kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Orí àga náà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí.

Bá mi kí Laure. Bá mi kí ìyá rẹ, tó ṣì ń ṣépè fún ọ̀gá títí di òní. Bí o bá wá, wá mọ̀ pé àwa méjì lo ń bọ̀ wá bá. Nínú àwọn tó ṣe ọ́, òun lo kọ́kọ́ rí, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Ìwọ náà sì mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

                                        Èmi tí a jọ kọ́ṣẹ́,
                                        Faïssal.