Òwú Pupa Tí Ọ̀gágun Gé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí orúnkún tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara tiwa náà le, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Ẹ ní ẹ óò wá bá wa ṣọdún. Ẹ máa bọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ má sì bi ìyàwó yín léèrè ibi tí ìrẹsì ilé wa wọlé sí. Èmi ni kẹ́ ẹ bi.

Ẹ mọ̀ pé ìjọ wa máa ń kó ẹ̀bùn ọdún jọ fún àwọn ìdílé tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu, ẹ sì mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Alága wa ni ìyá tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Màmá Makirofóònù. Bó bá ti gbá ẹ̀rọ náà mú, ó di kí iná lọ kó tó gbé e kalẹ̀. Òun ló máa ń pe orúkọ àwọn aláìní níkọ̀ọ̀kan. Wọn a dìde láti àga wọn, wọn a rìn dé iwájú pẹpẹ, àwa yòókù a máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń wo eré.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe aránṣọ tó rán aṣọ àwọn akọrin wa, opó tó ń dá tọ́ ọmọ. Bó ṣe ń rìn lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ìwé orin bo ojú. Nígbà tí a túká, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún pè mí síta bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa gbà jáde, mi ò sì ní padà wá mọ́. Ebi ò pa wá tó bí ojú ṣe tì wá.” Ọ̀rọ̀ yẹn há mi láyà. Lọ́dún yìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tún wá bàjẹ́, iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró.

Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo ní kí gbogbo ìdílé inú ìjọ, olówó àti tálákà, gba àpò kan náà lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ti ń lọ sílé. Oúnjẹ àti búláńkẹ́ẹ̀tì ni yóò wà nínú ti àwọn tó nílò rẹ̀. Ìwé orin àtijọ́ tí eku ń jẹ yó ní yàrá ẹ̀yìn ni a ó kó sínú ti àwọn yòókù, kí gbogbo rẹ̀ lè wúwo bákan náà. A ó rán ẹnu àpò pa, èmi ó sì so òwú pupa mọ́ ọwọ́ èyí tó ní oúnjẹ, kí àwa tó ń pín in lè dá a mọ̀. Màmá Makirofóònù fárí gá. Ó ní, “Ṣé olè la jà ni, tá a fi ń ṣoore ní ìkọ̀kọ̀?” Itọ́ ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán kó tó gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi, a ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tí mi ò rò ni Ọ̀gágun, sójà tó fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi àwọn èrò sí ìjókòó nínú ìjọ wa. Nígbà tí a ń kọrin ìkẹyìn lọ́wọ́, ó lọ yẹ àwọn àpò wò bí ẹni ń yẹ ọmọ ogun wò. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti tò wọ́n lọ́tun, ìlà wọn gún régé, àlùmọ́gàjí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ́ sálúùtù fún mi. Ó ní, “Akọ̀wé, mo ti bá yín tún un ṣe. Òwú ló ń fì lára àwọn kan bí àkísà, mo ti gé gbogbo rẹ̀. Ilé Ọlọ́run kọ́ nìyẹn.” Èrò ti dé ẹnu ọ̀nà, Ọ̀gágun sì ti ń há àpò fún wọn bí ẹni ń há ìbọn. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n máa tú àpò lójú gbogbo ayé?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníṣègùn eyín ìjọ wa ti gbé ìrẹsì inú àpò rẹ̀ padà wá, olùkọ́ ilé-ìwé gbé tirẹ̀ wá, mo sì ń sáré pín in kiri fún àwọn tó ni ín. Gbogbo rẹ̀ padà, àfi ẹyọ kan. Níbi tí mo ti ń ronú ẹni tó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni aránṣọ wọlé, ó sọ àpò ìwé orin kalẹ̀ níwájú mi gbì. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ṣé o. Ṣé kí n sè é ni, àbí kí n dín in?” 

Màmá Makirofóònù ti gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi òun ó gbé ẹ̀rọ, ẹni tó jẹ oúnjẹ aláìní á sì jáde síta. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi láyè. Ilé kan péré ni mi ò tíì débẹ̀, ilé kọngílá, agbaṣẹ́ṣe tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè ju ti gbogbo wa lọ nígbà ìdáwó. Ojúkòkòrò rèé, ni mo sọ nínú ara mi, mo sì to èébú sẹ́nu dé ẹnu géètì.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Yàrá ńlá yẹn ṣófo; bẹ́ǹṣì kan ló kù níbẹ̀. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n wọn máa ń wà lára ògiri mọ́ ju ibi yòókù lọ. Àwọn ọmọ pagbo yí abọ́ ìrẹsì ká, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Kí n tó lanu, obìnrin náà ti kúnlẹ̀. Ó ní, “Ta ló sọ fún yín, sà? Ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀.” Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wolẹ̀. Mo gbé èébú mi mì. Mo ní kí ọdún yabo fún wọn, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ẹ ti lè fòye mọ ìyókù. Mo délé, mo kó ohun tí a tọ́jú de ọdún, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì tí a rà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, mo sì gbé e lọ fún aránṣọ. Ìyàwó yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Ó ní, “Ṣé Ọ̀gágun ti gé òwú orí tiyín náà ni?” Nígbà tí alága tún bèèrè ẹni tó jẹ ẹ́, mo ní ilé mi ni. Pásítọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí mo sọ òótọ́ fún, ní ọwọ́ Ọlọ́run ló wà nídìí àlùmọ́gàjí náà. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi ọwọ́ kejì rántí aránṣọ? Ó ní kí n má dán Olúwa wò. Mi ò dán an wò o, ìbéèrè lásán ni mo bi. 

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà yín. Ilé yín kò ní ṣófo, ìkòkò yín kò ní gbẹ, ẹ kò sì ní rìn ní ọjọ́ tí ojú yóò tì yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ ìjọ ti sú,
Akọ̀wé.

Àfikún: Màmá Makirofóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní bí ebi bá ń pa wá tó bẹ́ẹ̀, ìdílé wa ni òun ó kọ́kọ́ pè síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí mo bá kọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, ká lè jọ rìn ín. Mo ti lọ wo ọ̀nà tó ti àga wa lọ sí iwájú pẹpẹ. Mi ò mọ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀.