Mi Ò Ní Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Ojú Tí Mi Ò Dá Mọ̀

                                        Ṣọ́ọ̀bù Rodiat Onídìrí,
                                        Ẹ̀gbẹ́ géètì kejì, Jakande Estate,
                                        Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àjọkẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àtọmọdé,

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ ní Ìkirè o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́? Ṣọ́ọ̀bù tìrẹ náà ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbọ́ràn? Àwa náà wà níbí, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Níwọ̀n ìgbà tí orí bá ṣì ń hu irun ní Ìsọlọ̀, ebi ò ní pa mí.

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ mi ti dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ní Èkó ti wọ̀ mí lórí, pé mi ò kí àgbà mọ́, pé ìyá ọkọ mi dúró níwájú mi ní Òṣòdì, mo sì ní kí wọ́n sún fún mi. Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni wọn ò sọ fún yín. Fóònù ì bá yá, àmọ́ mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ, kí o lè kà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀.

O rántí ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní ó wọ ọpọlọ. Àtìgbà tí mo ti dìde ni mo ti ń rí imú, tí mò ń rí ẹyin ojú, tí mò ń rí ẹnu, ṣùgbọ́n wọn kì í para pọ̀ di ẹnì kan. Ikọ́ Súnkànmí ni mo fi ń mọ̀ pé ọkọ mi ló wọlé, àti bó ṣe ń wọ́ sálúbàtà nílẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ńkọ́? Tí mo bá ti ki ìyarun bọ orí wọn, mo ti mọ olórí. Níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ìgbàgbé ni. Mo wá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé bí olóṣèlú, kí n má baà ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Òṣòdì yẹn, irun àtọwọ́dá ni mo lọ rà. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìkirè, wọn ò sọ fún wa pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n dúró sí iwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kí n kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún fún mi díẹ̀." Wọ́n sún fún mi lóòótọ́. Ká ní wọ́n pe orúkọ mi ni, orúnkún mi ì bá ti kanlẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ni ẹbí bá dìde sí mi, Àǹtí Ṣùkúrátù, àkọ́bí Màmá, ló sì ṣáájú wọn. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, kí n jẹ́wọ́ pé mo rí Màmá, mo sì fojú di wọ́n. Bí mi ò bá ṣe é, kí Súnkànmí kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi. Súnkànmí fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ mí: "Rodiat, jọ̀ọ́, sọ ọ́ ká lè sinmi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni." Mo ní rárá. Bí mo bá jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe lónìí, tí mo bá tún kọjá lára àgbà míì lọ́la ńkọ́? Ṣé ẹ̀bẹ̀ ni màá máa bẹ̀ títí tí màá fi kú?

Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Mo ka lẹ́tà ara ògiri wọn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Àǹtí Ṣùkúrátù gbọ́, wọ́n pariwo: "Ó rí lẹ́tà tó kéré bí iná orí, kò wá rí ìyá mi? Abẹg!"

Dókítà ojú ló fi mí ránṣẹ́ sí Dókítà Ọládùnní, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó rí róbótó bí ẹnu kànga tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Àjọkẹ́, ariwo inú rẹ̀ ju ti àwọn tó ń lu páànù lọ, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ mirí. Dígí kékeré kan wà lókè ojú mi tí mo fi ń wo àwòrán: ilé, bàtà, àga, ìkòkò, lẹ́yìn náà ojú ènìyàn lóríṣiríṣi. Bí mo ṣe ń wò wọ́n ni ẹ̀rọ náà ń wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ nínú ọpọlọ mi.

Ìgbà tí wọ́n gbé e sójú kọ̀ǹpútà ni ẹnu yà mí. Ìpàkọ́ tí èmi àti ìwọ ti ń dì láti kékeré yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ni ìran kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀ sí! Ẹyin ojú kàn ń kó ìmọ́lẹ̀ wọlé ni, ọpọlọ ló ń tò ó. Ibì kan ń mójú tó ìlà, ibì kan àwọ̀, ibì kan ohun tó ń rìn. Ibì kan tún wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún lẹ́yìn etí, tó jẹ́ pé ojú ènìyàn gan-an niṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n fi ti ẹlòmíì hàn mí: bí ojú ènìyàn bá ti yọ, ibẹ̀ á pọ́n bí ẹyinná. Tèmi? Ilé yọ, ọpọlọ mi dáhùn. Bàtà yọ, ó dáhùn. Ojú ènìyàn yọ, ibẹ̀ dákẹ́. Dókítà ní ibà yẹn ló ba ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní àwòrán ọpọlọ nìkan ò tó, wọ́n tún fi fọ́tò àwọn ènìyàn mi dán mi wò títí ó fi sú mi, èsì méjèèjì sì bára mu. Àwọn àgbà ní onípàkọ́ kì í rí ìpàkọ́, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá a rí i. Ẹ̀rọ ló bá mi rí tèmi.

Mo gbé àwòrán náà lọ fún Àǹtí Ṣùkúrátù. Wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sódò, wọ́n ní, "Níbo ni ìgbéraga wà nínú ẹ̀?" Mo ní ẹ̀rọ náà ò tíì mọ ti ìgbéraga.

Wọ́n pe ìpàdé sí ilé wọn ní Apakun. Mo wọlé, ilé kún, kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo rí ìgò ojú Màmá, mo rí híjáàbù wọn, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá wa." Ẹ̀yìn mi ni ohùn Màmá ti jáde, ó ń gbọ̀n: "Rodiat, èmi rèé." Àbúrò Màmá ni Àǹtí Ṣùkúrátù wọ aṣọ Màmá fún, kí ọwọ́ lè tẹ̀ mí. Wọ́n rò pé màá fẹnu ara mi sọ pé ẹni náà kọ́ ni Màmá. Súnkànmí kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Ṣé o rò pé inú mi dùn? Inú bí mi gan-an. Mo yíjú sí Màmá, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bó ṣe yẹ. Mo dìde, mo ní, "Ìkúnlẹ̀ ìkíni nìyẹn. Ti ẹ̀bẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi." Ni Àǹtí bá yí orin padà, àánú ló kù. Wọ́n ní àwọn mọ Ààfáà kan, pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n jókòó sílé kí ayé má baà rí mi. Mo ní mi ò ti nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kí òun, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀.

"Kí àgbà máa kọ́kọ́ kí ọmọdé?" Àǹtí figbe ta. "Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ní ọ̀dọ̀ mi ni, mà."

Kò sẹ́ni tó kó ẹrù mi. Bí Màmá bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, láti ojú títì ni wọ́n ti ń ké: "Rodiat, ìyá ọkọ rẹ dé o!" Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Bá mi kí Bàbá, kí o kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Mo gbọ́ pé o ń bọ̀ lóṣù Ṣẹ́rẹ́. Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kó o tó dé. Lára fọ́tò tí mo gbé lọ fún dókítà ni èyí tí èmi àti ìwọ yà lọ́jọ́ frídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ irun wa, a wọ aṣọ kan náà, a dirun kan náà. Mo wò ó títí. Mi ò mọ èwo ni ìwọ, mi ò sì mọ èwo ni èmi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó máa já a. Nítorí náà, tí o bá dé, má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa rẹ́rìn-ín sí mi. Pè mí. Bí o bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, màá ní kí o jókòó, kí o dúró kó kàn ọ́, bíi ti gbogbo oníbàárà tó kù.

Tìrẹ ni mo ṣì ń jẹ́,

Rodiat