Igbà Tí Ẹ Fi Kọ́ Ara Ògiri

Baba mi, ẹ kú ilé o. Mo kí ìyá mi, mo kí gbogbo àgbà Masẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí sókè lójú agbo ilé, torí ojú agbo ilé náà lẹ ti gba igbà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú, tí ẹ ní ọ̀mùtí kò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ yín mọ́.

Aṣọ àwọn òyìnbó ni mo ṣì ń fọ̀ ní Kútọnu níbí. Òjò etí òkun kì í jẹ́ kó gbẹ, n kò sì rí ẹni fi èdè wa ṣàròyé fún. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí mi, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ọkàn mi kò balẹ̀.

Baba, kókó ni wọ́n bá nínú rẹ̀, lára ẹ̀yà kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn, tí Faransé ń pè ní páńkíréà. Kókó méjì ni. Mo rò pé ìbejì ni wọ́n, pé àìsàn kan náà ló bí wọn. Dókítà ní rárá, ọ̀kan kò bá èkejì tan, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n pàdé lára ẹnì kan. Èyí tí kò ju ẹ̀wà lọ ló ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun. Òun ló ń mú un gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ ìsọkúsọ. Tó bá ti mu ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, orí rẹ̀ á pé. Adùn inú ẹmu ló ń wá, kì í ṣe ọtí.

Èmi ni mo wá sọ fún yín, nígbà tí mo ṣì wà nílé, pé mo rí i tó ń mu ẹmu nídìí ọ̀pẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ojú ń tì mí. Ọjọ́ kẹta tí ẹ gba igbà ló dákú sóko ẹ̀gẹ́, a sì ní torí pé kò rọ́tí mu ni.

Wọ́n ti yọ kékeré. Èyí ńlá ló ń dẹ́rù bà mí, òun ló dí ọ̀nà òróòro tí ojú fi pọ́n. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tún inú rẹ̀ là. Dókítà ní ó lè má jí, ṣùgbọ́n tí a bá fi í sílẹ̀, kò ní pẹ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n kọ̀, kò tẹ̀ka sí ìwé. Ó ní òun kò ní kú sábẹ́ ọ̀bẹ kí wọ́n wá gbé òkú ọ̀mùtí wọ Masẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọjú sógiri.

Baba, ẹ bá mi sọ igbà náà kalẹ̀ lára ògiri tí ẹ fi kọ́. Ẹ fi rán awakọ̀ tó ń kó àgbàdo wá láti Pobẹ́. Ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, yóò yé e.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí àwọn baba ńlá wa má sùn lórí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Nọ́ọ̀sì bá mi jà lánàá pé mo kan ìṣó sógiri lókè ibùsùn Ẹ̀gbọ́n. N kò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ ibẹ̀ fún un.

Èmi ọmọ yín,
Àlàbá