Àwòrán Ìyá Rẹ Tó Gba Máàkì Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ọmọ mi àkọ́bí, ọmọ tí mo fi ọpẹ́ gbà,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa tí kì í tòògbé. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní ìlú tí o ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń rán mi létí ọjọ́ orí mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nínú lẹ́tà mi tó kọjá, mo pàṣẹ pé kí o má tíì dá ọkùnrin oníférémù yẹn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, n kò sì sọ ìdí. O fèsì pé, "Bàbá mi, ẹ ti dájọ́ fún un, ẹ ò sì ka ẹ̀sùn sí i létí." Òótọ́ lo sọ. Ẹ̀sùn náà rèé.

O rántí àwòrán ìyá rẹ, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta létí odò, tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé fún un nígbà tí ìyá rẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ayàwòrán kan ní ilẹ̀ dókítà náà ló ṣe é. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ sinmi, ibẹ̀ ni mo máa ń wò bí mo bá fẹ́ rántí bó ṣe ń jókòó wò ó. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìṣó yọ, àwòrán já lulẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fọ́. Ọkùnrin rẹ gbọ́, ó wá gbé e. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe." Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó gbé e padà, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi wò ó, àyà mi já. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí n kò ti rí nǹkan kan rí, ẹnì kan ti kọ̀wé. Lápá ọ̀tún, ìfọwọ́sí kan tó lọ́ bí ejò. Lápá òsì, 34/75. Pẹ́ńsù sì ni wọ́n fi kọ méjèèjì!

Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. O mọ òfin mi: ẹni tó fi pẹ́ńsù fọwọ́ sí ìwé ti pinnu láti sẹ́ ẹ. Máàkì náà tún wá jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú márùndínlọ́gọ́rin. Kò dé ìdajì! Dókítà wo ni yóò gbé àwòrán tó fìdí rẹmi fún ìyá rẹ? Mo parí èrò síbẹ̀: ojúlówó ti lọ, ayédèrú ni ọmọkùnrin yìí gbé wá fún mi.

Mo bi í pé ta ló kọ nǹkan sí i. Ó ní, "Bàbá, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Páálí àtijọ́ tó yí i ká nínú férémù ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo gé tuntun kó lè hàn, torí ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà." Mo ní, "Hẹn-ẹn." Ìwọ náà mọ irú "hẹn-ẹn" tí mo ń wí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lọ. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo abẹ́ tábìlì tó ti ń gé gíláàsì, mo yẹ gbogbo àwòrán tó fẹ̀yìn ti ògiri wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń nu eruku igi kúrò lórí àga fún mi. Èmi ń wí lọ́kàn pé olè ń ṣe bí ọmọlúàbí. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló dì í lẹ́nu. Kódà nínú àdúrà òwúrọ̀, bí mo bá dé orí orúkọ rẹ̀, mo máa ń fò ó. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ. Mo yọ àwòrán náà kúrò nínú férémù, mo mú rọ́bà tí a fi ń pa ìwé rẹ́, mo ní bó bá jẹ́ ojúlówó, kò ní lọ. Ó lọ. Nọ́ńbà parẹ́ tán, ìdajì ìfọwọ́sí bá a lọ. Inú mi sì dùn, ọmọ mi! Mo ní, "Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́." Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ lẹ́tà yẹn sí ọ.

Mo wá gbé ẹ̀rí mi lọ bá ìyáàfin tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé wa nígbà náà. Ó fi ìka tọ etí àwòrán náà yíká, níbi tí bébà ti rì wọlé díẹ̀. Ó ní, "Tíṣà Àgbà, ẹ fọwọ́ kàn án. Àwo bàbà ló tẹ ibí yìí. Ayàwòrán náà fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára bàbà, ó jẹ́ kí áàsìdì jẹ ojú ìlà rẹ̀, ó fi íǹkì kún un, ó wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwo tirẹ̀. Ẹ̀dà márùndínlọ́gọ́rin péré ló tẹ̀. Tiyín ni ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n. Pẹ́ńsù sì ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí i. Ọ̀dájú wo ló wá pa á rẹ́?" Mo wúkọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ máàkì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Ó ní, "Ẹ ò bá kúkú ní kó tún kíláàsì ṣe!"

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin rẹ lọ, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ibi tí mo pa rẹ́, omi lé ròrò sí i lójú. Ìtìjú mú kí n bẹ̀ ẹ́ pé, "O ti rí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bá mi kọ ọ́ padà. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀." Ó yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Kò sí iṣẹ́ tí ẹ rán mi tí n kò ní jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ orúkọ ẹlòmíì síbẹ̀, ìgbà náà ni mo tó di ẹni tí ẹ rò pé mo jẹ́."

Èmi tí mo ń ṣọ́ olè, èmi ni mo dúró tí mo ń bẹ olóòótọ́ pé kó bá mi jalè.

Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, dá a lóhùn. Mo yọ̀ǹda tọkàntọkàn, mo sì ti ń dá orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Kí Olúwa fi àlàáfíà ṣe òrùlé ilé tí ẹ̀yin méjèèjì yóò kọ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣìnà, kí ayọ̀ rẹ má dín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó fẹ́ràn rẹ, tó sì jẹ̀bi,

Tíṣà Àgbà.

Àfikún: N kò tíì sọ fún un pé mo ti yọ̀ǹda, ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́. Ṣùgbọ́n má pẹ́ rárá. Lánàá ó rí mi lókèèrè lójú pópó, ó sì yára gba ẹ̀yìnkùlé onílé lọ. Ó jọ pé òun náà ti ń fura sí mi.