Mo Ti Díye Lé Ọkọ̀ Yín, Bàbá

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Láti Sùúrùlérè níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín. Mo kí Màmá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Délé àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa n'Íléṣà. Ṣé ojú yín ò tíì burú sí i? Fúnkẹ́, àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, mo bẹ̀ ọ́, má fo ibì kankan. Mo mọ̀ ẹ́, o máa ń bẹ̀rù láti sọ ohun tí Bàbá ò fẹ́ gbọ́. Kà á bó ṣe wà.

Òjò ò dá níbí. Láàárín òjò náà ni Ẹ̀gbọ́n Délé wa ọkọ̀ yín wọ ọgbà tí a ti ń ta mọ́tò, gbogbo wa sì pa iṣẹ́ tì. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ọdún 1978, kò dógùn-ún níbì kankan! Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo wá ìpẹtà títí, mi ò rí i. Èèyàn lè fi bọ́ńpà rẹ̀ wojú fárùngbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn mẹkáníìkì ń béèrè ẹni tó tọ́jú rẹ̀, mo ní bàbá mi ni, orí mi wú.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn, kí n yẹ ọkọ̀ wò kí n sọ iye tó tó. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí ẹlòmíràn bá mi wo eléyìí. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ẹni tí ò mọ bàbá mi rí wá rẹ́ ẹ jẹ ni.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ̀rá ìjókòó yẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń lẹ̀ mọ́ wa nítan, àá máa làágùn, ẹ ó sì ní kí a má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ rí awọ ìjókòó, ni mo bá yà á. Háà! Awọ bá ọ̀rá lọ. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ ní tútù. Ooru tó há sábẹ́ ọ̀rá ló bà á jẹ́. Inú bí mi sí yín, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ta ni kì í fi ọ̀rá sílẹ̀ lórí nǹkan tuntun? Àga pálọ̀ wa ṣì wà nínú tiẹ̀ dòní.

Ẹ ní Èkó á dù ú. Bàbá, Èkó ò dù ú. Àwọn tòkunbọ̀ kéékèèké ló ń ti èbúté wọlé, wọn kì í mu epo, ẹ̀yà ara wọn sì wà fún títà ní gbogbo ìgboro. Ọkùnrin kan wá, ó jókòó síwájú, ó ní kí ìyàwó òun ya òun ní fọ́tò. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe ń mu epo, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn wá láti Ìjọra, irin rẹ̀ nìkan ló fẹ́ rà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mú owó gidi wá. Ará Yábàá ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi mọ́tò gbé òkú. Ó ní gígùn rẹ̀ ló wu òun. Ó wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní tí òun bá gé òrùlé, tí òun yọ ìjókòó dànù, pósí á wọlé dáadáa. Ìjókòó tó jẹrà ò kàn án rárá.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán Ẹ̀gbọ́n Délé, pé ẹni tó máa wà á bí ẹ ṣe ń wà á ni kí n tà á fún. Mo wá onítọ̀hún títí. Kò sí i. Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sílé, mo jókòó sí àyè yín nínú ọkọ̀ náà, òjò ń rọ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò ní ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nílùú yìí. Owó oṣù mi, ilé àti oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n Délé náà, ìjọba ò tíì san ti àwọn tíṣà.

Mo padà lọ bá dókítà tó yẹ ojú yín wò. Ó ní tí a bá fi falẹ̀ jù báyìí lọ, iṣẹ́ abẹ ò ní wúlò mọ́. Owó tó sì dá lé e tẹ́lẹ̀ ti lé sí i.

Mo ti ta ọkọ̀ náà fún ará Yábàá. Mi ò dúró béèrè lọ́wọ́ yín, torí mo mọ̀ pé ẹ ó kọ̀. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Bàbá. Owó tí a rí, ojú kan ṣoṣo ni a lè fi ṣe. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ fún Fúnkẹ́, ọ̀tún tàbí òsì, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ yín,
Ṣẹ́gun